Ìsoríkọ́ Kì í Ṣe Àìnígbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwòsàn Tí Ó Ń Yẹ Ìrònú Wò

 

 Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ìrun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìgbéyàwó tí ẹ máa ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kọ́ lórí àìsàn kan ni, èyí tí ó wà láàárín wa, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Ìsoríkọ́ ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. A ó sọ ohun tí ó jẹ́, a ó ṣàlàyé ìwòsàn kan tí àwọn dókítà ń lò fún un, tí wọ́n ń pè ní CBT, a ó sì wo bí ó ṣe bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa mu.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́

A ní àṣìṣe kan láti jẹ́wọ́. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti jáde ní yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, kò sì rí iṣẹ́. Òun ni ó máa ń pe ìrun fún wa. Nígbà tí ó yá, kò pe ìrun mọ́. Nígbà tí ó tún yá, kò wá mọ́. A lọ bá a nílé, a bá a lórí ẹní ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, aṣọ àná ni ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun kì í rí oorun sùn lóru, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu òun, orí òun ń ta òun bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, àti pé bí òun bá fẹ́ dìde kírun, ara òun a wúwo bí òkúta.

Kí ni àwa sọ fún un? A ní kí ó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nítorí ìmáànì rẹ̀ ti dínkù. A ní mùsùlùmí òdodo kì í banú jẹ́. A rò pé ìrànlọ́wọ́ ni a ń ṣe. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó sọ fún wa pé lóru ọjọ́ tí a kúrò lọ́dọ̀ òun, ohun tí ọkàn òun ń sọ ni pé, "Bí àwọn alfa pàápàá bá ti rí i pé Ọlọ́hun ti kọ̀ mí sílẹ̀, kí ni mo tún kù láyé ṣe?" Ọlọ́hun ni ó yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà ni ó wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, tí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, alhamdulillahi. Òun gan-an ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́ irú ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu wa.

Ìbànújẹ́ yàtọ̀ sí ìsoríkọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, irọ́ ni pé mùsùlùmí òdodo kì í banú jẹ́. Súrà Yúsúfù sọ fún wa bí Ànábì Yàkúbù ṣe banú jẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ọlọ́hun kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ànábì wa náà sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú, ọdún tí Khadija àti Abu Talib sì kú ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ọdún ìbànújẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ìbànújẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì ka ìtàn àwọn Ànábì dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìsoríkọ́ ju ìbànújẹ́ lọ. Ìbànújẹ́ a máa wá, a sì máa lọ. Ìsoríkọ́ a máa jókòó ni. Àwọn dókítà ní bí àwọn àmì wọ̀nyí bá wà lára ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fura: kí inú ènìyàn máa bàjẹ́ ṣáá, tàbí kí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́, àìrí oorun sùn tàbí àsùnjù, àìlèjẹun tàbí àjẹjù, àárẹ̀, kí ènìyàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun gbogbo, àìlè fi ọkàn sí iṣẹ́ tàbí ìwé, àti ríronú ikú. Láàárín wa, ọ̀pọ̀ kì í sọ pé ọkàn àwọn ń ṣàìsàn. Wọn a ní orí àwọn gbóná, wọn a ní nǹkan ń rìn lára àwọn, wọn a ní àyà àwọn ń já. A ó fún wọn ní oògùn ibà títí, ibà kọ́ ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn dókítà kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Ọmọ Yorùbá ni ó wà lára àwọn tí ó já irọ́ náà. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní ọdún 1954. Ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí Aro ká, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Lẹ́yìn náà, òun àti Dókítà Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ ìlú àti abúlé Ẹ̀gbá lọ ṣe ìwádìí, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé àwọn àmì ìsoríkọ́ wà láàárín wa.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní ọdún 2005, Dókítà Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Iléṣà jáde. Ìyá ọmọ 876 ni wọ́n yẹ̀ wò ní ibùdó ìlera márùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá 128 nínú wọn ni ó ní àmì ìsoríkọ́, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹnì kan nínú méje. Lára ohun tí ó mú kí ó pọ̀ sí i ni iṣẹ́ abẹ nígbà ìbímọ, bíbí ọmọ láìtó oṣù, àìní ọkọ, àti pé kí ọmọ náà jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ tún èyí tí ó kẹ́yìn kà. Súrà An-Nahl bá àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan wí, àwọn tí ojú wọn ń dúdú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin ni a bí. Bí ìyàwó ilé mùsùlùmí bá ń bẹ̀rù ojú tí ẹ ó fi wò ó nítorí pé ó bí obìnrin, a jẹ́ pé ìgbà àìmọ̀kan kò tíì tán nínú ilé náà.

Ibi tí ìwòsàn yìí ti wá

Dókítà Aaron Beck ti Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà (1921–2021) ni a mọ̀ jùlọ mọ́ CBT. Ní àwọn ọdún 1960, ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìsoríkọ́ ń bá jà ní èrò kan tí ó máa ń sáré wọ ọkàn wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ọ̀nà mẹ́ta ni èrò náà ń gbà wá: èrò burúkú nípa ara ẹni, nípa ayé, àti nípa ọ̀la. Ó rí i pé bí a bá kọ́ aláìsàn láti mú irú èrò bẹ́ẹ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì tún ìṣe rẹ̀ ṣe, ara rẹ̀ yóò máa yá. Ní ọdún 1979, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórí bí a ó ṣe máa lò ó fún ìsoríkọ́.

Àwọn baba wa nínú ìmọ̀ kò sùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Abu Zayd al-Balkhi, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 850 ní agbègbè Balkh, ní ilẹ̀ tí ó di Afghanistan lónìí, kọ ìwé kan lórí àǹfààní ara àti ti ọkàn. Ó ní bí ara ṣe ń ṣàìsàn náà ni ọkàn ń ṣàìsàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ sí èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ó gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó kó èrò tí ó yè kooro pamọ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá, bí a ṣe ń tọ́jú oògùn sílé de ọjọ́ àìsàn. Malik Badri, onímọ̀ nípa ọkàn láti Sudan, ni ó túmọ̀ apá ọkàn nínú ìwé yìí sí èdè òyìnbó ní ọdún 2013. Ẹ má sì gbàgbé Imáàmù al-Ghazali. Ní ọdún 1095, nígbà tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ Nizamiyya ní Baghdad, ìdààmú ọkàn mú un tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹnì kan nínú wa yóò sọ pé ìmáànì al-Ghazali kéré?

Bí ìwòsàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ìtàn òṣómàáló. Àwọn baba yín oníṣòwò ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní àwọn kò ní dìde àfi bí àwọn bá gba owó àwọn. Báyìí ni èrò ìsoríkọ́ ń ṣe. Yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yóò máa sọ pé, "O ò wúlò. Kò ní dára fún ọ. Ọlọ́hun ti kọ̀ ọ́." Ṣùgbọ́n òṣómàáló ní gbèsè gidi nílẹ̀. Èrò yìí, ta ni ó rí ìwé gbèsè rẹ̀? CBT ń kọ́ni láti ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé kéwú, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. A kì í gba hádíìsì wọlé lásán. A máa ń bèèrè pé: ta ni ó gbà á wá? Ṣé olóòótọ́ ni? Ǹjẹ́ ó pàdé ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Súrà Al-Hujurat sì pàṣẹ fún wa pé bí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ kí a má baà ṣe ohun tí a ó kábàámọ̀. Ó yani lẹ́nu pé a ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkàn wa tí ó rẹ̀ bá sọ fún wa ní aago méjì òru pé a kò wúlò, a ó gbà á láìbèèrè ẹni tí ó gbà á wá.

Apá kìíní ìwòsàn náà ni yíyẹ èrò wò. Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Dókítà rẹ̀ ní kí ó kọ èrò náà sílẹ̀ bí ó ṣe wá: "Ọlọ́hun ti kọ̀ mí sílẹ̀." Kí ó kọ bí ó ṣe gbà á gbọ́ tó nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kọ 90. Kí ó kọ ẹ̀rí tí ó gbe èrò náà lẹ́sẹ̀. Ó kọ pé òun kò rí iṣẹ́ láti ọdún méjì. Kí ó kọ ẹ̀rí tí ó takò ó. Ó pẹ́ kí ó tó rí i kọ, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́: ẹ̀gbọ́n òun gbà mí sílé, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò yege, ìyá mi ń pè mí lójoojúmọ́. Níkẹyìn, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó rò bẹ́ẹ̀. Ó kọ pé: "Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àìrí iṣẹ́ kì í ṣe ìdájọ́ Ọlọ́hun lórí rẹ." Ó tún bi ara rẹ̀ bí ó ṣe gba èrò àkọ́kọ́ gbọ́ tó. Ó ti di 50. Kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù 90 wà lórí rẹ̀ tí ó di 50 ti lè gbé ẹsẹ̀.

Àwọn oníwòsàn yìí ní àwọn àṣìṣe ìrònú kan wà tí ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni kí ènìyàn sọ pé bí òun kò bá rí gbogbo rẹ̀, òun kò rí nǹkan kan. Òmíràn ni kí ó sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹlòmíràn: "Wọ́n ń fojú tín-ín-rín mi." Òmíràn ni kí ó sọ ọ̀la: "Kò lè dára láéláé." Ẹ wò ó dáadáa, méjì tí ó kẹ́yìn jẹ́ pípe ara ẹni ní onímọ̀ ohun tí ó pamọ́. Ta ni ó ní ìmọ̀ ohun tí ó pamọ́ bí kò ṣe Ọlọ́hun?

Apá kejì ni ìṣe. Ẹni tí ó sorí kọ́ máa ń dúró kí ó wu òun kí òun tó ṣe nǹkan. Kò ní wù ú, nítorí náà kò ní ṣe é, àìṣe náà yóò sì tún mú kí ó sorí kọ́ sí i. CBT ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣe, kí ó kéré, kí ó sì ní àkókò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ohun tí wọ́n kọ fún ọmọkùnrin yìí ni pé kí ó wẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí ó sì rìn dé òpin àdúgbò kí ó padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó kí ìrun Àsárì kan ní mọ́sálásí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní sàfù ẹ̀yìn. Ànábì wa kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Àwa tí a mọ hádíìsì yìí lórí ni a sọ fún un pé kí ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí akọni.

Ẹ wá ka Súrà Ad-Duha pẹ̀lú ojú yìí. Ìṣípayá dúró fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan ní Mẹ́kà ní Olúwa Muhammad ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Súrà náà sọ̀ kalẹ̀, ó já ọ̀rọ̀ náà nírọ́. Lẹ́yìn náà ó ka ẹ̀rí kalẹ̀: ọmọ òrukàn tí a fún ní ibùgbé, ẹni tí a fi ọ̀nà hàn, aláìní tí a rọ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn ẹ̀rí ni ó kan iṣẹ́: bí yóò ṣe ṣe sí ọmọ òrukàn àti sí ẹni tí ó ń tọrọ, àti kí ó máa sọ ìdẹ̀ra Olúwa rẹ̀. A kò sọ pé súrà náà jẹ́ ìwé àwọn dókítà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń kà á lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó bẹ̀rù ìwòsàn tí ó ń bèèrè ẹ̀rí, tí ó sì ń fúnni níṣẹ́ ṣe.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́?

Ìwádìí kan wá láti ilẹ̀ mùsùlùmí bíi tiwa. Ní àwọn abúlé kan ní Pakistan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọn kì í ṣe dókítà, bí wọn yóò ṣe lo ọ̀nà yìí fún àwọn ìyá. Ìyá 903 ni ó wà nínú ìwádìí náà, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, nínú 100 ìyá tí a tọ́jú bẹ́ẹ̀, 23 ni ó ṣì ní ìsoríkọ́. Nínú 100 àwọn tí a kàn ń bẹ̀ wò lásán, 53 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ di ìwé ìkọ́ni fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Àmọ́, kí a má ṣe àsọdùn. CBT kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń gba ìjókòó bíi 12 sí 20, pẹ̀lú iṣẹ́ àtiléwá. Kì í ṣe pé kí ènìyàn máa purọ́ fún ara rẹ̀ pé ohun gbogbo dára. Bí ìsoríkọ́ bá le, dókítà lè fi oògùn kún un, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Kò rọ́pò àdúrà, àdúrà náà kò sì sọ pé kí a má wá ìwòsàn. Ànábì wa ni ó pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà náà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí alfa bá ka Al-Kùránì sí aláìsàn lára, ó dára. Bí ó bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, tàbí ó nà án, tàbí ó ní kí ó má lọ sí ilé ìwòsàn, ìyẹn kì í ṣe sunnah.

Ohun tí a lè ṣe

Kìíní, bí ará yín bá pa mọ́sálásí tì, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán.

Èkejì, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti bèèrè bí ó bá ń ronú ikú. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ibi tí a ń lọ. Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti UNIOSUN wà. Ní Iléṣà, Wesley Guild wà, tí ó jẹ́ apá kan ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ bèèrè àwọn tí ó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ni, sọ fún ẹnì kan lónìí. Wíwá ìwòsàn kò dín ìgbàgbọ́ kù.

Ìbéèrè fún ìjókòó ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìbànújẹ́ àti ìsoríkọ́?
2. Kọ èrò burúkú kan tí ó wọ ọkàn rẹ lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀. Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Kí ni ó takò ó?
3. Ọ̀rọ̀ wo ni a máa ń sọ fún aláìsàn ọkàn ní mọ́sálásí wa tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó dárí jì wá lórí ọ̀rọ̀ tí a sọ láìmọ̀, kí Ó sì ṣe wá ní ẹni tí ará wa lè sá tọ̀ nígbà ìṣòro. Àmín.